Ọmọ tí wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà ní Oṣù Kejì, tó já ti ẹlòmíràn gbà ní Oṣù Kẹfà

Tíṣà_Ìsọ̀kùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ kì í yanjú tán kí wọ́n tó ní ká dìde fún àdúrà ìparí. Mo fẹ́ ká tú u palẹ̀ níbí. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú ọmọkùnrin ọdún 14 kan, JSS3, ní Iléṣà. Ní Oṣù Kejì, àwọn ọmọ tó jù ú lọ já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Atakúnmọ̀sà, wọ́n sì fọ́ ọ létí. Ó délé, bàbá rẹ̀ tún yọ bẹ́líìtì: fóònù ta lo lọ gbé sọnù? Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹrin, kò wá sílé ẹ̀kọ́ déédéé mọ́. Ní Oṣù Kẹfà, wọ́n bá fóònù ọmọ JSS1 kan nínú báàgì rẹ̀.

Ìpàdé á pín sí méjì. Apá kan: ẹ lé e, kó tó ba àwọn tó kù jẹ́. Apá kejì: ìyà ló jẹ ẹ́ tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fojú fò ó. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló fo Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹfà. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ní oṣù mẹ́rin yẹn, kó bá wa dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ pa òwe.

Olùwádìí_Ifẹ̀

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé iye kalẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Cathy Spatz Widom tú ìwé kóòtù, ó kó ọmọ 908 jọ tí kóòtù ti rí i dájú pé wọ́n fìyà jẹ tàbí pé wọ́n pa tì láàárín 1967 sí 1971. Ó wá 667 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn, ẹ̀yà wọn àti irú ilé tí wọ́n ti wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn àkọ́kọ́ dọ́gba, ó wá lọ wo ohun tí ọlọ́pàá ní lákọsílẹ̀ lórí gbogbo wọn. Iṣẹ́ náà jáde ní 1989. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì, 26 ni ọlọ́pàá mú kí wọ́n tó dàgbà. Nínú 100 àwọn tó kù, 17.

Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ wà, kò sì kéré. Àmọ́ 74 nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ ni ọlọ́pàá ò mú rárá nígbà èwe wọn. Ẹni tó bá ní ọmọ tí wọ́n bá ti fìyà jẹ ti di ọ̀daràn, irọ́ ló pa. Ẹni tó bá ní ìyà yẹn kò kan ọ̀rọ̀, òun náà purọ́.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í dúró sí nínú iṣẹ́ yẹn ni ti ọmọ tí wọ́n pa tì. Ká wo ẹ̀sùn ìwà ipá nìkan, nígbà èwe tàbí nígbà àgbà: 15.8 nínú 100 ọmọ tí wọ́n ń lù ni wọ́n mú fún un, 12.5 nínú 100 ọmọ tí wọn ò lù àmọ́ tí wọ́n pa tì, 7.9 nínú àwọn tó kù. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò nà, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi bóyá ó ti jẹun, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń nà ló sún mọ́ jù.

Nílé wa níbí, ìwádìí tí àjọ ètò ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF àti CDC, àjọ ìlera ti Amẹ́ríkà, ní 2014 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18. Tó bá jẹ́ pé ìyà nìkan ló ń sọni di jàgùdà, ta ni ì bá gba Lagere ní Ifẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan?

Ìyá_Ọlọ́jà_Ìmọ̀

Ẹ kú àlàyé o, ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n pàṣán ni wọ́n fi tọ́ ìran tó ṣáájú, a ò sì gbọ́ pé ọmọdé ń já fóònù gbà. Ẹ kó wọn lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Iléṣà níbí, kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń sùn síbẹ̀. Ẹ̀rù á bà wọ́n. Tí ẹ̀rù ò bá bà wọ́n, borstal, ilé àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ tó dẹ́ṣẹ̀, ńkọ́?

Wẹ́fíà_Ìjẹ̀ṣà

Màmá, ẹ kú ọjà. Fóònù gan-an ni kò sí nígbà náà, ẹ jàre.

Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, àwọn kan ti dán an wò. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey, láti àwọn ọdún 1970, wọ́n ń kó ọ̀dọ́ wọlé kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére lè máa jágbe mọ́ wọn. Scared Straight ni wọ́n pè é, ó sì tàn ká. Nígbà tí Anthony Petrosino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àyẹ̀wò mẹ́sàn-án jọ, tí wọ́n ti ṣẹ́ gègé pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì, àwọn tí wọ́n kó lọ wo ẹ̀wọ̀n ló tún dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tí wọn ò kó lọ. Ẹ wo ọmọ Tíṣà yìí dáadáa: ṣé ẹ̀rù ló wọ́n ọn? Ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú láti Oṣù Kejì.

Borstal, mẹ́ta péré ló wà ní Nàìjíríà: Kàdúná, Ìlọrin, Abẹ́òkúta. Kò sí ìkankan ní Ọ̀ṣun. Ẹni ọdún 16 sí 21 ni òfin rẹ̀ ń gbà, kóòtù ló sì ń fi èèyàn ránṣẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe òbí tí inú ń bí. Ọmọ ọdún 14 ò kàn án. Ká tiẹ̀ ní ó kàn án, ẹ kó ọmọ oníwàhálà ogún sójú kan, èyí tó mọ fóònù já á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i lọ́dọ̀ ẹni tó sùn tì í.

Kánsẹ́lọ̀_JSS

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù mẹ́rin yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ara ló ń sọ̀rọ̀. Oorun rẹ̀ ò dára lóru, ó ń sùn ní kíláàsì. Ẹnì kan fara kàn án lórí ìlà, ẹ̀ṣẹ́ ló fi dáhùn. Olùkọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "oníjà". Ojú ọmọ náà ló ti kọ́ láti máa wá ewu kiri: ojú tí kò sọ nǹkan kan, ojú ìjà ló ń kà á sí. Kenneth Dodge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 1990 lára àwọn ọmọ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń lù nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ á di ìṣòro. Rẹ́jísítà ló máa sọ ọ́ fún yín, àmọ́ kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan ni kí ẹ kà. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fi bírò pupa yí ọjọ́ tí kò wá ká, kí ẹ wo irú ọjọ́ tó jẹ́. Bó bá jẹ́ Mọ́ńdè ló pọ̀ jù, ẹ béèrè ẹni tó máa ń wà nílé lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ eré ìdárayá, ara ọmọ lè ní àpá tí kò fẹ́ kí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bó bá wá láàárọ̀ tó sì pòórá lẹ́yìn bíréèkì, ẹ lọ wo ẹni tó ń dúró ní gẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Èyí tí olùkọ́ máa ń kù gìrì nà ni ọmọ tó ń pẹ́ dé lójoojúmọ́: ìdajì wọn kò jí pẹ́ rárá, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n yà gbà kí wọ́n má bàa pàdé ẹnì kan. Ẹgba tí ẹ nà án ní gẹ́ẹ̀tì wá di owó ibodè tó ń san láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan á ṣírò ó, á rí i pé kò tọ́ sí i kí òun wá mọ́.

("Ìdajì" yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni o, kí Olùwádìí má bi mí léèrè ìwé.)

Wákàtí mẹ́fà tí kò fi sí ní kíláàsì, ibì kan ló wà. Ní Iléṣà, ibẹ̀ ò ju mélòó kan lọ: ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì, ibi géèmù, gáréèjì, ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Àwọn tó já fóònù rẹ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ fún un pé, máa bá wa rìn, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ẹ́ mọ́. Ààbò ló rà. Fóònù ọmọ JSS1 ni owó tó fi san.

Olùwádìí_Ifẹ̀

Kánsẹ́lọ̀, mo ti dárí jì yín. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún ti ààbò yẹn: ayédèrú ni. Ní 1991, Janet Lauritsen, Robert Sampson àti John Laub wo àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé bí ọ̀dọ́ ṣe ń wọ inú ìwà ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ ni ewu kí wọ́n lù ú tàbí jà á lólè ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wà láàárín wọn ló sún mọ́ ọwọ́ wọn jù, kò sì lè lọ fi ẹjọ́ sùn, torí àpò òun náà ò mọ́. Ìdí nìyí tí "ta ló jẹ̀bi, ta ló jìyà" fi ń da ìpàdé òbí rú. Ọmọ kan náà ni.

Ọ̀dọ́_Lagere

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ má gbàgbé àwọn ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Yahoo, HK, ìyẹn Hustle Kingdom, ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni ilé á ra kọ̀ǹpútà àti dátà, á gba fóònù ọmọ, á ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí kò bá mú owó wálé, ìyà ni: kò ní jẹun, wọ́n á nà án, wọn ò ní jẹ́ kó sùn. Nígbà tí wọ́n bá wá kó wọn, ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé àti ẹni tó tì í mọ́lé, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n máa ń kọ sí wọn lọ́rùn. Ìbéèrè tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ta ló ń mú fóònù lọ́wọ́, ta ni owó ń wọ àkáǹtì rẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ ti àpá. Tó bá ti di aláwọ̀ ewé, ọjọ́ márùn-ún ni. Tó bá di yẹ́lò, ọjọ́ méje. Ẹ lè fi mọ ọjọ́ tí wọ́n nà án.

Nọ́ọ̀sì_WG

Rárá o, àbúrò. Àwọ̀ àpá kì í sọ ọjọ́. Àpá méjì tí ẹni kan gbà lọ́jọ́ kan náà lè ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lára ẹni tó dúdú ó tiẹ̀ tún ṣòro rí sí i. Má fi gbé ẹ̀sùn ka ẹnikẹ́ni lórí.

Ibi tí àpá wà àti bó ṣe rí ló ń sọ̀rọ̀. Orúnkún, ojúgun, iwájú orí, ìyẹn ọmọ tó ń sáré ṣubú ni. Etí, ọrùn, ẹ̀yìn, ìdí, inú itan, ẹ béèrè. Wáyà tí wọ́n ká po máa ń fi àpá tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U sílẹ̀. Bẹ́líìtì máa ń fi ìlà fífẹ̀ sílẹ̀, irin rẹ̀ sì lè yọ lọ́tọ̀. Ẹ ya àwòrán ara ọmọ sórí ìwé, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fi àmì sí ibi tó wà, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago. Ohun tí ọmọ bá sọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Tó bá ní "Bọ̀ọ̀dá ló fi nǹkan gbígbóná kàn mí", ẹ má kọ "wọ́n fi áyọ́ọ̀nù jó o".

Ti ìfipábánilòpọ̀, ẹ má rò pé ọmọbìnrin nìkan ni. Nínú ìwádìí 2014 tí wọ́n mẹ́nu bà lókè, ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ló ti rí ìwà ipá ìbálòpọ̀ kan tàbí òmíràn. Ọmọkùnrin kì í sọ ọ́, ìjà àti igbó ló máa fi sọ ọ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, aago ń sáré: oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Oògùn tó ń dènà oyún, láàárín wákàtí 120. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, ẹ má kó o sínú ọ̀rá, torí ọ̀rá ń mú kó làágùn, ẹ̀rí á bàjẹ́. Ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tàbí OAUTHC ní Ifẹ̀. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì.

Ìyá_Ọlọ́jà_Ìmọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ti bébà yẹn, èèyàn kì bá mọ̀.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé ọmọ olè yìí lọ sí tésàn ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ní sùúrù tẹ́ẹ ní yìí.

Lọ́yà_Ṣábó

Ẹ káàsán o. Ìbéèrè Màmá ló ká mi mọ́ ibí.

Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala 277, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé 18 ọmọdé ni, Ọ̀ṣun náà sì ti sọ òfin yìí di tirẹ̀. Kóòtù ìdílé ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́ ni pé wọ́n á kọ "19" sí ìwé ẹ̀sùn ọmọ ọdún 15. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti wọlé, àárín àwọn àgbà ló ń lọ. Nítorí náà, kí òbí mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti ti ilé ẹ̀kọ́ dání lọ sí tésàn, méjì méjì: ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà á. Ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ kí ẹ tó kúrò.

Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún òbí lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá mú ọmọ. Kí ó má kọ sìtétímẹ́ǹtì láìsí òbí tàbí lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni, obìnrin sì lè dúró fún un. Ẹ ní kí wọ́n ké sí Wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé, torí ìròyìn tí Wẹ́fíà bá kọ nípa ilé àti ìgbésí ayé ọmọ ni kóòtù máa wò kó tó pinnu. Oṣù Kejì tí Tíṣà ń wí gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn yẹn. Tí kò bá sí níbẹ̀, adájọ́ ò lè lá a lálàá.

Abala 209 fún ọlọ́pàá láyè láti parí ọ̀ràn kékeré láìgbé e dé kóòtù: kí wọ́n dá nǹkan padà, kí wọ́n san ohun tó bàjẹ́, kí ẹnì kan máa mójú tó ọmọ náà. Abala 221 ní wọn ò gbọ́dọ̀ rán ọmọdé lẹ́wọ̀n, wọn ò sì gbọ́dọ̀ nà án gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Abala 205 ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohun tó lè jẹ́ ká dá ọmọ náà mọ̀ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fídíò ọmọ tí wọ́n ká mọ́ olè, tẹ́ ẹ ń fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ gbọ́ o.

Ẹ má ṣi abala 209 yẹn lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ sí pálọ̀ olórí ẹbí pẹ̀lú ọtí àti obì. Kò gba ibẹ̀.

Ìyá_Ọlọ́jà_Ìmọ̀

Ó dáa. Ṣé kò wá ní san nǹkan kan ni? Ọmọ jalè, gbogbo wa ń kẹ́ ẹ.

Kánsẹ́lọ̀_JSS

Á san án, Màmá. Ẹni tí kò san nǹkan kan kò ní rí ọ̀nà padà sáàárín ẹgbẹ́.

Fóònù á padà lọ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó bá bàjẹ́, òbí á tún un ṣe. Ọmọ fúnra rẹ̀ á fi iṣẹ́ san tirẹ̀: wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan pàtó. Kó tún bẹ́ǹṣì ṣe, kó to ìwé láíbìrì. Ẹ má fún un ní ṣáláńgá fífọ̀ lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ìtìjú yẹn ló máa fi wá ẹni tí yóò gbẹ̀san lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yẹn jẹ́ ẹnì kan náà títí, kó máa bi í ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ọ̀nà wo lo gbà wá lónìí? Ẹ má bi í pé "kí ló dé tó o fi jalè?" Àlàyé tó máa gbà á sílẹ̀ ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ti lílé e sílé, ẹ ṣírò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọjọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ọgọ́ta wákàtí lẹ kó fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì.

Wẹ́fíà_Ìjẹ̀ṣà

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? A ò tíì dárúkọ rẹ̀ látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ dé pẹ̀lú etí tó wú, bẹ́líìtì ló pàdé. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá tún jà á lólè, kó má délé wí. Ẹ pe bàbá náà, ẹ má ṣe é ní gbangba ìpàdé. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ rọ̀ ọ́ kó lọ sọ fún ọmọ: "Èmi ni mo jẹ̀bi ti ọjọ́ yẹn, tó bá tún ṣẹlẹ̀, wá sọ fún mi." Á ṣòro fún un o. Ìjẹ̀ṣà ni.

Tíṣà_Ìsọ̀kùn

😂 Ẹ má bú wa.

Ó ku ohun kan. Látàárọ̀ tá a ti ń kọ̀wé, ta ló ti béèrè ọmọ JSS1?

Olùwádìí_Ifẹ̀

Háà. Ọmọ ọdún 11 ni yóò jẹ́. Oṣù Kejì tirẹ̀ la wà yìí.

Kánsẹ́lọ̀_JSS

Òótọ́ ni, ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kó yára: ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ lónìí, kí wọ́n tó lù ú nílé nítorí fóònù. Kí ẹnì kan bi í bóyá ó fẹ́ gba ẹ̀bẹ̀ tàbí kò fẹ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fipá mú wọn bọwọ́. Bí wọ́n bá jọ jókòó sí ibì kan, ẹ yí àyè padà, ọmọ ńlá sì ni kí ẹ gbé kúrò, kì í ṣe òun. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pupa ka rẹ́jísítà tirẹ̀ láti ọ̀la.

Ìyá_Ọlọ́jà_Ìmọ̀

Aago mélòó ni wọ́n ń jáde?

Tíṣà_Ìsọ̀kùn

JSS, aago méjì ọ̀sán, Màmá. Wọ́n á dé ẹ̀yìn ọjà bí aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá_Ọlọ́jà_Ìmọ̀

Àwọn elélùbọ́ méjì ló kángun sí ọ̀nà yẹn. Wọ́n á yí ìjókòó wọn kọjú sí ojú ọ̀nà láti aago méjì títí di aago mẹ́ta, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ náà nílé ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Bó bá ń kọjá, wọ́n á máa pè é.